Bí Láísẹ́ǹsì Bá Bọ́ Lọ́wọ́ Ẹni, Kí Ọjà Má Bàa Dúró

Àwọn kan bi wá lẹ́yìn ìpàdé pé, kí lẹni tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó ẹrù yóò ṣe bí wọ́n bá gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀?

Èkíní, kó má wakọ̀ rárá. Owó ìtanràn àìní láísẹ́ǹsì lọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó jẹ́ ₦10,000. Bí ẹ̀mí bá wá lọ sí i ńkọ́?

Èkejì, kó jókòó ṣírò. Bí ẹrù bá pọ̀, kó gba dírẹ́bà, ṣùgbọ́n kó fojú ara rẹ̀ rí láísẹ́ǹsì onítọ̀hún, kó rí i pé ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, kó tó gbé kọ́kọ́rọ́ fún un. Bí ẹrù kò bá pọ̀, kó dara pọ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń ná ọjà kan náà, kí wọ́n jọ pín owó ọkọ̀.

Ẹ̀kẹta, kó tètè wí fún wa kí ọjọ́ owó ẹ̀yáwó tó pé. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ la lè bá wá nǹkan ṣe sí i. Ẹni tó bá sá fún ìpàdé, àwọn onídùúró rẹ̀ ló kó sí wàhálà. Ìtìjú kì í san gbèsè.

Bó bá jẹ́ pé ó sọnù ni, ìyẹn rọrùn: kó gba ìwé ní àgọ́ ọlọ́pàá, kó lọ búra ní kóòtù, kó wá tọrọ òmíràn.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ wa lójú ọ̀nà.