“Soon” ti Òyìnbó àti “Mò Ń Bọ̀” ti Ajégúnlẹ̀

Kò sí ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn láti sọ, tí ó sì ṣòro láti wọ̀n, bí èyí tí a fi ń sọ pé nǹkan kò jìnnà tàbí pé kò ní pẹ́. Ẹni tí ó bá dúró ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, yóò ti gbọ́ irú rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ kí kẹ̀kẹ́ Márúwá kan tó kún: “I dey come”, “now now”, “e no far”, “just here”. Yorùbá, Ìlàjẹ, Ijaw, Urhobo, Ìgbò àti Hausa ni ó jùmọ̀ ń gbé àdúgbò náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì, yálà ògidì tàbí àmúlùmálà, ni ọ̀pọ̀ wọn sì fi ń ná ọjà, tí wọ́n fi ń pe ọkọ̀, tí wọ́n sì fi ń wá iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ inú kíláàsì nìkan ni a gbé dé lónìí. Owó ń bẹ nínú rẹ̀, iṣẹ́ oòjọ́ sì ń bẹ nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìdílé tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. “Near” tí gbogbo wa mọ̀ kì í ṣe ìpìlẹ̀. “Nigh” ni bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́ àfi nínú Bíbélì àtijọ́ àti nínú orin ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ìgbà ìwáṣẹ̀ èdè wọn, “near” túmọ̀ sí èyí tí ó túbọ̀ súnmọ́ni, “next” sì ni èyí tí ó súnmọ́ni jù lọ. Nígbà tí ó pẹ́, ọmọ jókòó sí ipò bàbá, wọ́n gbàgbé ìtumọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n sì wá ń sọ “nearer” àti “nearest”, bí ẹni tí ó wọ agbádá lé agbádá. Inú ìdílé kan náà ni “neighbour” ti jáde wá, ẹni tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa.

Bí àwa Yorùbá ti ń fi ẹ̀yà ara sọ ibi tí nǹkan wà, tí a ń sọ pé létí odò, lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Òyìnbó ń ṣe. “At hand” ni ohun tí ọwọ́ lè tó. Inú “beside” ni ìhà ara fara pamọ́ sí. Wọ́n ní ìṣẹ́jú tiwọn, àwa náà sì ní ìṣẹ́jú akàn, nítorí ojú akàn kì í pẹ́ wọ ihò rẹ̀. Ní ti “a stone’s throw”, òṣùwọ̀n àtayébáyé ni, ó wà nínú Ìhìnrere Lúùkù, orí kejìlélógún, níbi tí Jésù ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ láti lọ gbàdúrà. Ṣùgbọ́n òkò ọwọ́ ta ni? Ibi tí òkò géńdé balẹ̀ sí, òkò ọmọdé kò lè dé ìdajì rẹ̀. Ẹni tí ó ń polówó yàrá àyágbé mọ èyí dáradára nígbà tí ó bá ní ilé náà kò ju ìsọ òkò kan lọ sí ibi tí a ti ń wọ ọkọ̀.

Ìhà ti àkókò ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, “soon” kò túmọ̀ sí láìpẹ́ rárá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni lójú ẹsẹ̀. “Anon” rí bẹ́ẹ̀. “Presently” rí bẹ́ẹ̀. “By and by” pàápàá, tí ó ti wá di ọ̀rọ̀ ìfòní-dọ́la pátápátá lónìí, lójú ẹsẹ̀ ni ó túmọ̀ sí nígbà kan rí. Ta ni ó ba gbogbo wọn jẹ́? Ẹnu ènìyàn ni. Ẹni tí a pè dáhùn pé òun ń bọ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sì dìde. Nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀ láìmọye ìgbà, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ bí ẹni tí ń sọ ọ́. Wọ́n tún wá òmíràn tí ó yára, òun náà sì tún falẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù tilẹ̀ ti gbìyànjú láti de “moment” mọ́lẹ̀: wọ́n pín wákàtí kan sí ogójì, wọ́n sì pe ìpín kan ní “moment”, èyí tí í ṣe ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀. Òyìnbó wo ni ó ń ka ìyẹn sí lónìí nígbà tí ó bá ní kí o dúró de òun ní “moment” kan? Ní Gúúsù Áfíríkà, ẹni tí ó bá sọ pé òun yóò ṣe é “just now”, ẹ lọ wá àga jókòó. Bí ó bá jẹ́ “now now” ni ó sọ, ìrètí díẹ̀ wà.

Ìdí nìyí tí kò fi tọ́ kí a máa fi àwọn ènìyàn wa ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí “I’m coming” tí wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n ń jáde lọ. Yorùbá ni wọ́n ń sọ. “Mò ń bọ̀” kì í ṣe ìròyìn ibi tí ẹsẹ̀ dorí kọ, ìlérí pé a óò padà ni, ìwà ọmọlúàbí sì ni láti má ṣe fi ẹlòmíràn sílẹ̀ láìsọ ọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín. Nínú Gẹ̀ẹ́sì wa, ìpàdé “by four o’clock” ni ìpàdé tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́rin. Lójú Òyìnbó, “by four” ni pé kí agogo mẹ́rin má ṣe bá ọ lọ́nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń wá iṣẹ́, tí ìwé pè ní “by eight”, tí ó sì dé géètì bí aago ti ń lù mẹ́jọ, lè bá àwọn mìíràn ní ìjókòó, kí a sì sọ fún un pé ó pẹ́. Èyí tí ó tún le ju ìyẹn lọ ni ìkàyè ọjọ́. Àwa Yorùbá a máa ka òní mọ́ ọn: bí òní bá jẹ́ Ajé, ọjọ́ kẹta òní ni Ọjọ́rú. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìjẹta fi jẹ́ ọjọ́ tí Òyìnbó pè ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn, tí ọjà tí a ń ná ní ọrọọrún sì fi jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin lójú rẹ̀. Òyìnbó kì í ka òní. “In three days” tirẹ̀ láti ọjọ́ Ajé bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Ẹni tí ó ní ẹrù ní èbúté Àpápá, tí owó ìpamọ́ ń gorí ẹrù rẹ̀ lójoojúmọ́, kò gbọdọ̀ fi àròsọ ka irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ó béèrè orúkọ ọjọ́ náà gan-an, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

A dárúkọ Àpápá. Láti 1921 tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lórí èbúté ńlá ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wá ibùgbé tí kò jìnnà sí i, ọ̀pọ̀ wọn sì rí i ní Ajégúnlẹ̀. Súnmọ́ra ni wọ́n súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ láti 1954 títí di 1967 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni Àpápá wà, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn, sì ni Ajégúnlẹ̀ wà. Ààlà àárín wọn ni orúkọ Boundary ń rántí. Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ sọdá títì ti bọ́ sábẹ́ ìjọba mìíràn.

Ààlà ti lọ, ọ̀nà jíjìn mìíràn sì rọ́pò rẹ̀. Ní àwọn ọdún tí ó ṣáájú 2021, ọkọ̀ epo àti ọkọ̀ akẹ́rù tò sí ojú ọ̀nà Àpápá fún ọ̀sẹ̀ gbáko. Ní oṣù Kejì ọdún 2021 ni àwọn aláṣẹ èbúté bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ayárabíàṣá pe ọkọ̀ akẹ́rù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ tí ó wà nínú ọkọ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí ó sì wí fún ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù pé òun wà “very near”, òtítọ́ ni ó sọ bí a bá fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ṣe pé aago ni a fi wọ̀n ọ́n, ọ̀rọ̀ di méjì. Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ tí ó fi ẹsẹ̀ rìn a sì máa dé ṣáájú ọkọ̀ tí ó ti san owó rẹ̀.