Ìwé dókítà: ọdún márùn-ún làwọn tó ń wa bàálù ara wọn l'Amẹ́ríkà fi dúró

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ẹ́ wa bàálù kékeré l'Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ gba ìwé-ẹ̀rí ìlera lọ́wọ́ dókítà tí FAA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú, yàn. Ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún, ọdún méjì-méjì ni, àpò ara rẹ̀ ló sì ń san án.

Lọ́dún 2004, wọ́n gbà káwọn tó ń wa èyí tó fúyẹ́ jù, tí kò gbà ju èèyàn méjì lọ, máa fi láísẹ́ńsì mọ́tò wọn fò. Ibi tó ń bí wọn nínú rèé: ẹni tí FAA bá yẹ̀ wò, tí wọn ò fún un níwèé, kò gbọdọ̀ wa kékeré yẹn náà mọ́. Ẹni tí kò yọjú sí dókítà rárá ló ń fò!

Lóṣù kẹta, ọdún 2012, ẹgbẹ́ AOPA àti EAA kọ̀wé sí FAA pé kí wọ́n dẹ òfin náà. Ọdún mẹ́rin kọjá, òfin tuntun kò jáde. Àwọn aṣòfin ló pàpà fipá ṣe é lóṣù keje, ọdún 2016, ó sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, oṣù karùn-ún, ọdún 2017. BasicMed ni wọ́n ń pè é. Dókítà yòówù tó ní láísẹ́ńsì lè ṣe àyẹ̀wò náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin. Àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà FAA.