Ta Ni Fáìlì Ọsibítù Yín Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ fáìlì ọsibítù ni mo fẹ́ sọ lónìí. Àwa tí à ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju ẹni tó jókòó sójú kan lọ. Ìyàwó á lóyún ní Kàdúná, á wá lọ bímọ n'Íbàdàn. Kánò ni wọ́n ti mọ̀ pé bàbá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, Kánò náà ni ìwé rẹ̀ wà. Tí a bá dé ọsibítù tuntun, "Káàdì yín dà?" Kò sí. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò láti ìbẹ̀rẹ̀, owó á tún jáde.

Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn kan fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí nǹkan yìí, nílé wa níbí, ní Ilé-Ifẹ̀? Mikko Korpela lorúkọ ọ̀kan, ará Finland ni, láti yunifásítì Kuopio. Èkejì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Abimbola Soriyan, olùkọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1989 ni Kuopio, Ifẹ̀ àti ọsibítù yunifásítì Ifẹ̀ ti pawọ́ pọ̀ kí kọ̀ǹpútà lè máa tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn. Wọ́n mú èyí tí àwọn ọsibítù sójà tó ti fẹ̀yìn tì ní Amẹ́ríkà ń lò, wọ́n gé e, wọ́n tún un rán kó lè bá wa lára mu. Ohun tó tibẹ̀ jáde ni wọ́n ń pè ní MINPHIS, ó sì dé àwọn ọsibítù ńlá mìíràn. M-I-N tó ṣíwájú yẹn, "Made in Nigeria" ni o. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọjà China, ẹ gbọ́ mi dáadáa! Ní oṣù kẹrin ọdún 1993, Ilé-Ifẹ̀ yìí náà ni wọ́n ti ṣe àpérò àgbáyé àkọ́kọ́ lórí kọ̀ǹpútà àti ìlera ní Áfíríkà.

Àmọ́ ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ wọn, kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. Wọ́n àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bi àwọn ọ̀gá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà pé kí ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Iná ẹ̀lẹ́tíríìkì wà lára ohun tí wọ́n dárúkọ, bẹ́ẹ̀ àwọn òyìnbó kì í ka iná mọ́ ewu nínú ìwé tiwọn. Ta ni iná máa ń lọ mọ́ lójú níbẹ̀? Wọ́n tún rí i pé ètò tí dókítà àti ẹlẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà nìkan bá dá ṣe kì í kárí, ni wọ́n bá mú ará ìlú náà wọ inú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì kọ ọ́ síwèé ní 1998.

Ẹ wò ó bí ìwé gbèsè inú ṣọ́ọ̀bù. Tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bá ń kọ ọ́, tí ọ̀gá ò yẹ̀ ẹ́ wò rí, ẹ ra kọ̀ǹpútà mẹ́wàá síbẹ̀, gbèsè á ṣì sọnù. Ọwọ́ ọ̀gá lọ̀rọ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin wí. Òfin Ìlera ti 2014 sọ pé ẹni tó ń ṣe olórí ọsibítù ló gbọ́dọ̀ rí i pé àkọsílẹ̀ wà fún gbogbo ẹni tó wá gba ìtọ́jú, kó sì ṣètò tí ẹni tí kò kàn ò fi ní fọwọ́ kàn án. Kò sọ pé akọ̀wé tó jókòó ti kọ́bọ́ọ̀dù o. Òfin ààbò dátà ti 2023 náà fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ nípa wa.

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ kó kúrò nílùú kan, ẹ lọ béèrè kí mọ́tò tó gbéra. Tí akọ̀wé bá ní kò ṣeé ṣe, ẹ fọ̀wọ̀ béèrè ọ́fíìsì ọ̀gá ọsibítù, kí ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ mú ẹ̀dà kan pamọ́. Ó kéré jù, kí dókítà kọ ọ́ síwèé kan: àìsàn wo ni, oògùn wo, mélòó lójúmọ́. Ẹ ya fọ́tò èsì àyẹ̀wò àti páálí oògùn sórí fóònù. Ẹni tí wọ́n bá ti dá padà rí, kó fi ohùn ránṣẹ́ sí gúrúpù, kó sọ ohun tí wọ́n wí fún un gan-an, àmọ́ kó má dárúkọ ọsibítù.