Ọ̀kan Dín, Ọ̀kan Lé: Ìṣirò Tí Ìyá Aláṣọ Fi La Ọmọ Rẹ̀ Lójú

Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo yà kí obìnrin kan tí ń ta aṣọ ní Ìbàdàn, mo sì bá ọmọ rẹ̀ obìnrin nídìí ìwé ìṣirò, tí omijé ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. Olùkọ́ ti fi tàdáwà pupa fa iṣẹ́ rẹ̀ já. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì péré, ọmọ náà sì ní òun kò ṣe é mọ́, òun yóò kúkú máa bá ìyá òun jókòó ní ṣọ́ọ̀bù.

Ìbéèrè náà kò gùn: "Nọ́ńbà mẹ́ta kan tẹ̀lé ara wọn, àpapọ̀ wọn jẹ́ 60. Kí ni àwọn nọ́ńbà náà?" Irú nọ́ńbà báyìí kò ṣe àjèjì sí wa. Ojú ewé ìwé ni, nọ́ńbà ara rìsíìtì ni: èkejì fi ọ̀kan ju èkíní lọ, ẹ̀kẹta fi ọ̀kan ju èkejì lọ.

Wọ́n ti kọ́ ọmọ náà pé kí ó fi lẹ́tà x dípò nọ́ńbà àkọ́kọ́. Èkejì á jẹ́ x + 1, ẹ̀kẹta á jẹ́ x + 2. Bí a bá pa wọ́n pọ̀, 3x + 3 = 60. Ọ̀nà yìí tọ́, n kò sì bá olùkọ́ jà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà gbàgbé 3 tí ó wà lẹ́yìn. Ó fi 3 pín 60, ó rí 20, ó sì kọ 20, 21, 22. Ẹ bá mi rò ó pọ̀: 63 ni! Bí ó bá ti kọ́kọ́ yọ 3 kúrò, 57 ni ìbá kù, x ìbá sì jẹ́ 19.

Ìyá rẹ̀, tí kò jókòó ní kíláàsì rí, bá dá sí i. Ó ní, "Ọmọ mi, bí oníbàárà mẹ́ta bá fẹ́ pín ọgọ́ta ọ̀pá aṣọ dọ́gba, ogún-ogún ni yóò kàn wọ́n. Mú ọ̀pá kan kúrò nínú ti ẹni àkọ́kọ́, kí o fi kún ti ẹnì kẹta. Ọ̀pá mélòó ló wà lọ́wọ́ wọn báyìí?"

"Màámi, ìṣirò ìwé nìyí o, kì í ṣe ti ọjà." Síbẹ̀ ó kà á: "Mọ́kàndínlógún, ogún, mọ́kànlélógún."

Mo ní kí ó tún un kà, kí ó sì fetí sí ohun tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ. Ọ̀kan dín ní ogún, ogún, ọ̀kan lé ní ogún. Èdè wa ti ṣe ìṣirò náà tán! Bí a bá fi x sí àárín dípò iwájú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jẹ́ x − 1, x, x + 1. Ọ̀kan tí ó dín àti ọ̀kan tí ó lé á pa ara wọn rẹ́, á ku 3x = 60. Kò sí 3 kankan lẹ́yìn tí ọmọdé yóò tún gbàgbé.

Ní ti pé ìṣirò ìwé yàtọ̀ sí ti ọjà, al-Khwarizmi, ẹni tí a ti inú àkọlé ìwé rẹ̀ mú orúkọ áljẹ́brà, kọ ìwé náà ní Bagdad ní nǹkan bí ọdún 820, ó sì sọ pé pínpín dúkìá òkú, ẹjọ́ àti òwò wà lára ohun tí àwọn ènìyàn yóò lò ó fún.

Bí ó bá jẹ́ ilé mẹ́ta ní apá kan títì, tí nọ́ńbà wọn ń fi méjì-méjì ju ara wọn lọ, tí àpapọ̀ sì jẹ́ 81, méjì ni kí ẹ dín, méjì ni kí ẹ lé: 25, 27, 29. Nọ́ńbà mẹ́rin ló ń fẹ́ ìṣọ́ra, nítorí mẹ́rin kò ní ẹyọ kan tí ó wà láàárín. Bí àpapọ̀ wọn bá jẹ́ 74, ẹ padà sí x ti iwájú: 4x + 6 = 74, x sì jẹ́ 17. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ wá odindi nọ́ńbà mẹ́ta tí ó tẹ̀lé ara wọn, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 100, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Kò sí, nítorí 100 kò ṣe é pín sí mẹ́ta dọ́gba.

Ọmọ náà ṣe mẹ́fà sí i kí a tó pè é wá jẹun. Èyí tí ó ṣe kẹ́yìn ni mo fi sílẹ̀ fún yín: odindi nọ́ńbà márùn-ún tẹ̀lé ara wọn, àpapọ̀ wọn jẹ́ igba. Ẹ wá èyí tí ó wà láàárín, kí ẹ sì fi ẹnu ka ìyókù ní Yorùbá kí ẹ tó mú gègé.