Ìwé Àṣẹ Onílé: Ẹ̀kọ́ Láti Àdúgbò Nyohini

Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa wí. Ṣùgbọ́n ní àwọn ìlú ńláńlá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń kó ẹrù wọ inú ilé tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ilé kò wò rí. Onílé á fi yàrá hàn, ayálégbé á ka owó sílẹ̀, kọ́kọ́rọ́ á bọ́ sí i lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ á sì parí. Bóyá atẹ́gùn ń wọ yàrá náà, bóyá ilé ìyàgbẹ́ tó àwọn tí ń lò ó, bóyá ọ̀nà wà láti sá jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ lóru, ìgbà tí ewu bá dé ni a ń mọ̀. Ó ha yẹ kí ìgbìmọ̀ ìlú máa yẹ ilé wò, kí ó sì fún onílé ní ìwé àṣẹ, kí ó tó kó ọ̀pọ̀ ayálégbé sínú rẹ̀? Àdúgbò Nyohini ní ìlú Tamale, ní àríwá Gáná, jẹ́ ibi kan tí a ti lè gbé ìbéèrè náà yẹ̀ wò.

Tamale kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì fún ọmọ Yorùbá. Láti ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìlú náà ṣe olú ìlú Ìpínlẹ̀ Àríwá ní ọdún 1907 ni àwọn oníṣòwò láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ti ń wọ́ lọ síbẹ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho àti Ṣakí pọ̀ nínú wọn. Wọ́n tajà níbẹ̀, wọ́n gbé inú àgbàlá pọ̀ pẹ̀lú onírúurú ẹ̀yà, títí di oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Dókítà K. A. Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò ní Gáná. Púpọ̀ nínú wọn padà sílé. Ṣùgbọ́n ìlú tí wọ́n fi sílẹ̀ kò dúró lójú kan. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2021, ènìyàn 374,744 ni a kà ní agbègbè Ìgbìmọ̀ Ìlú Tamale. Àwọn èrò wọ̀nyí ní láti sùn síbi kan.

Inú ilé àgbàlá ni púpọ̀ nínú wọn ń sùn. Ẹni tí ó mọ ilé tí yàrá kọjú sí yàrá ní Ìbàdàn tàbí ní Mushin kò ní ṣìnà níbẹ̀. Yàrá yí àgbàlá ká, ẹnu ọ̀nà kan ni gbogbo wọn ń gbà wọlé, balùwẹ̀ kan náà ni wọ́n ń lò, ibi omi kan náà ni wọ́n ti ń pọn. Ìkànìyàn ọdún 2010 fi hàn pé irú ilé bẹ́ẹ̀ ju ìdajì lọ nínú gbogbo ibùgbé ní Gáná. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú tín-ín-rín wò ó. Níbẹ̀ ni ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ti ń rí orùlé, níbẹ̀ ni aládùúgbò ti ń bá ìyá ọlọ́mọ wo ọmọ nígbà tí ó bá lọ sọ́jà. Ohun tí ó ń ba ilé àgbàlá jẹ́ ni àpọ̀jù ènìyàn àti àìtọ́jú.

Ní àríwá Gáná, àpọ̀jù ènìyàn nínú yàrá kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìnira lásán. Ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni. Tamale wà lórí ilẹ̀ tí àrùn yírùnyírùn ti máa ń jà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èémí àti itọ́ ni àrùn náà ń bá rìn láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn, nítorí náà ibi tí ènìyàn bá ti sùn gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n ti fèrèsé pa nítorí ọyẹ́ àti eruku, ni ó ti ń ráyè jù. Láàrin ọdún 1996 sí 1997, ó pa ènìyàn tí ó ju 1,000 lọ ní àwọn ẹkùn àríwá Gáná. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ìjọba gún fún àwọn ará àríwá ní ọdún 2012 ti dá ẹ̀yà àrùn náà tí ó burú jù lọ́wọ́ kọ́, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà mìíràn ṣì wà. Abẹ́rẹ́ kò sì lè la fèrèsé sí ara ògiri.

Kí ni òfin wí? Òfin pàtàkì tí ó wà láàrin onílé àti ayálégbé ní Gáná ni Òfin Owó Ilé ti ọdún 1963. Òfin náà yan àwọn òṣìṣẹ́ tí yóò máa díwọ̀n owó ilé, tí wọn yóò sì máa gbọ́ ẹjọ́ láàrin onílé àti ayálégbé. Ó wí pé bí ènìyàn bá fẹ́ gba ilé lóṣooṣù tàbí fún ìgbà tí kò tó bẹ́ẹ̀, onílé kò gbọdọ̀ béèrè ju owó oṣù kan lọ ní àsansílẹ̀. Bí ó bá sì ju oṣù mẹ́fà lọ, kò gbọdọ̀ béèrè ju owó oṣù mẹ́fà lọ. Onílé kò sì lè dédé da ẹrù ayálégbé sí títì. Ó ní láti gba ọ̀nà òfin.

Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ni ó mọ̀ pé owó ọdún méjì, àní mẹ́ta, ni ọ̀pọ̀ onílé ń gbà kí wọ́n tó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011, tí ó ní kí onílé má ṣe béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ti bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pàdé. Ẹni tí ó ti san owó ọdún méjì sílẹ̀ kò lè kó jáde nítorí pé páànù ń jò tàbí pé ṣáláńgá ti kún. Owó rẹ̀ ti di okùn tí a fi so ó mọ́ ilé náà.

Pẹ̀lú èyí, owó àti ìgbà ìgbélé ni òfin ọdún 1963 dojú kọ ní pàtàkì. Kò ní kí onílé gba ìwé àṣẹ kí ó tó fi yàrá háyà. Lóòótọ́, àwọn òfin mìíràn wà. Òfin ilé kíkọ́ ní kí ẹni tí ń kọ́lé gba àṣẹ, kí ó sì gba ìwé ẹ̀rí pé ilé náà yẹ fún gbígbé kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú rẹ̀. Òfin ààbò iná ti ọdún 2003 ní kí àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò gba ìwé ẹ̀rí tí a ń tún gbà lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ìwé ilé kíkọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ilé a sì máa yí padà. Onílé tí ó kọ́ yàrá mẹ́jọ lè sọ ilé ìdáná di yàrá kẹsàn-án, kí ó mọ ògiri sí ẹ̀yìnkùlé di ìkẹwàá. Ìwé tí ó gbà ní ọjọ́ kìn-ín-ní kò mọ̀ nípa ìyẹn. Àlàfo tí ó wà níhìn-ín ni ìwé àṣẹ onílé ń dí: ó ń mú kí ojú òfin padà wo ilé náà láti ìgbà dé ìgbà, níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì ń gba owó lórí rẹ̀.

Àwọn ilẹ̀ kan ti fi ẹkún kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọdún 1999, iná sọ nínú ilé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ háyà ní ìlú Glasgow ní Scotland. Méjì nínú wọn kú. Irin wà lójú fèrèsé, wọn kò rí ibẹ̀ gbà jáde. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń fi irin sí fèrèsé nítorí olè ní ìlú wa yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ilé. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2000 ni Scotland ti sọ ọ́ di dandan pé kí onílé tí ó bá kó àwọn tí kì í ṣe ẹbí kan náà sínú ilé kan gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìlú.

Ilẹ̀ England tẹ̀ lé e. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2004 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2006 lórí àwọn ilé alájà mẹ́ta tí ènìyàn márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń gbé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni wọ́n mú ọ̀rọ̀ àjà kúrò: ilé yòówù tí ó bá gba ènìyàn márùn-ún láti ìdílé méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti wọ inú òfin. Wọ́n wọn yàrá pẹ̀lú. Yàrá tí àgbàlagbà kan ń dá sùn kò gbọdọ̀ kéré sí èyí tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, tí ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méje. Onílé tí kò bá gba ìwé náà yóò san owó ìtanràn, ayálégbé sì lè gba owó ilé tí ó ti san padà. Ní Peckham ní ìlú London, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, àwọn ènìyàn wa wà ní ìhà méjèèjì: àwọn kan ni onílé tí ń wá ìwé àṣẹ, àwọn kan sì ni ayálégbé tí ìwé náà ń dáàbò bò.

Síbẹ̀, òfin tí a gbé wá láti ibòmíràn láìwo ẹsẹ̀ ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ lè di bàtà tí ń gé ni lẹ́sẹ̀. Gáná ti rí irú rẹ̀ rí. Ní ọdún 1982, ìjọba ológun fi òfin tẹ owó ilé sísàlẹ̀ kí ara lè tu mẹ̀kúnnù. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọjà wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí iye owó fi ju ìlọ́po méjì lọ. Owó tí onílé ń gbà kò tó ra páànù mọ́. Àwọn onímọ̀ tí ó yẹ ọ̀ràn náà wò ní Kumasi ní ìparí àwọn ọdún 1980 rí i pé owó ilé ti di ohun tí kò tó nǹkan, ilé ń bàjẹ́, kò sì yá àwọn ènìyàn lára mọ́ láti kọ́ ilé tí wọn yóò fi háyà. Òfin tí a fi ran ayálégbé lọ́wọ́ padà di ohun tí ń dín yàrá kù. Bí owó ìwé àṣẹ bá wúwo jù lónìí, orí ayálégbé náà ni onílé yóò dà á lé, tàbí kí ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.

Ewu kejì wà lọ́wọ́ ẹni tí a rán níṣẹ́. Àwọn àgbàlagbà ṣì rántí wolé-wolé, tí ó máa ń yọ sí àgbàlá, tí ìkòkò omi onídin yóò sì di ẹjọ́ ní kọ́ọ̀tù. Ó lé ẹ̀fọn, ó sì mú kí ìlú mọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá ti fi ọwọ́ ṣìkà mú iṣẹ́ rẹ̀, àpò ni ó ń kún, ilé kò ní mọ́.

Nítorí náà, bí ìgbìmọ̀ ìlú ní Tamale tàbí ní ìlú mìíràn bá fẹ́ fún onílé ní ìwé àṣẹ, nǹkan mẹ́rin ni ó yẹ kí ó fi ṣe ìpìlẹ̀. Kí owó ìwé náà kéré. Kí ohun tí a ó yẹ̀ wò jẹ́ díẹ̀, kí a sì kọ ọ́ sí gbangba ní èdè tí onílé gbọ́: fèrèsé, ilé ìyàgbẹ́, omi, wáyà iná mànàmáná, ọ̀nà àbáyọ àti iye ènìyàn nínú yàrá kan. Kí a fún onílé ní àkókò láti tún nǹkan ṣe kí ìyà tó dé, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará England ti fún onílé tí yàrá rẹ̀ kéré ní àyè tí ó lè tó oṣù méjìdínlógún. Lékè gbogbo rẹ̀, kí ilé tí kò yege má ṣe di ẹ̀rí tí a ó fi lé ayálégbé síta lóru ọjọ́ kan, nítorí ẹni tí a lé kúrò nínú yàrá híhá láìsí òmíràn, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọjà ni yóò sùn.

Òfin ọdún 1963 kọ́ onílé àti ayálégbé bí a ti ń ka owó. Ó kù kí òfin kọ́ wọn bí a ti ń wo ilé. Ìyá kan ní Nyohini tí ó bá tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà ọyẹ́ lè má ka ìwé àṣẹ kankan láéláé. Bí atẹ́gùn bá ń wọlé láti ojú fèrèsé, tí àwọn ọmọ náà sì jí ní àlàáfíà, ìwé náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.