Gẹ̀ẹ́sì Inú Ìwé Gbèsè Yàtọ̀ sí ti Ilé-Ìwé

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé lẹ́tà wá bá wa ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀ láti ilé ní ìtumọ̀ mìíràn níbí. Ẹ jẹ́ ká yẹ márùn-ún wò.

OUTSTANDING: Bí tíṣà bá kọ ọ́ sórí iṣẹ́ ọmọ yín, ẹ bá a yọ̀, ọmọ náà ta yọ. Bó bá wà lórí bíìlì, owó tí ẹ kò tíì san ni.

ARREARS: Nílé, bí wọ́n bá ní arrears dé, ijó ni. Àwọn àgbà inú wa kò gbàgbé arrears Udoji ọdún 1975. Níbí, "rent arrears" ni gbèsè owó ilé tí ẹ jẹ, ó sì lè lé yín jáde nílé. Ṣùgbọ́n "paid in arrears" kì í ṣe gbèsè: ẹ ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ná kí owó tó wọlé.

CREDIT: Bí bíìlì gáàsì bá ní ẹ wà "in credit", owó yín ló wà lọ́wọ́ wọn, ẹ lè ní kí wọ́n dá a padà. "Credit agreement" tí ẹ buwọ́ lù ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Àwìn ni, èlé sì lè wà lórí rẹ̀.

LIABLE: Ọrùn yín ni gbèsè náà wà. Bí ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín bá jọ gba ilé, tí ìwé ní "jointly and severally liable", tí ọ̀rẹ́ náà bá sá lọ, onílé lè gba gbogbo owó lọ́wọ́ ẹ̀yin nìkan. Kì í ṣe ìdajì o!

REMINDER: Èyí ló ń ṣe wá léṣe jù. Ẹ má rò pé wọ́n kàn ń rán yín létí. Ní England, bí reminder council tax bá dé, ọjọ́ 7 péré lẹ ní. Bí ẹ kò bá san, ẹ lè pàdánù àǹfààní sísan díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n béèrè gbogbo owó tó kù fún ọdún náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó kàn ni summons, ìyẹn ìwé ìpeni sí kóòtù, owó kóòtù á sì gun orí gbèsè.

Nítorí náà, ẹ má ti lẹ́tà bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ tètè pe council, ẹ sọ iye tí agbára yín ká, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn sílẹ̀. Bí gbèsè bá ti pọ̀ jù, láti 2021 ni "Breathing Space" ti wà ní England àti Wales: olùdámọ̀ràn gbèsè lè bá yín gba ìsinmi ọjọ́ 60 lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ olówó.

Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ mú lẹ́tà náà wá kó tó di ti kóòtù.