Igbó Lẹ́yìn Òjò Àkọ́rọ̀

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta ọdún, igbó a máa jí. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i, kí ó lọ sí Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, kí ó tẹ̀lé afinimọ̀nà. Igbó náà tó héktà 75. UNESCO kà á mọ́ ogún gbogbo ayé ní ọdún 2005. Èèwọ̀ ni láti dọdẹ, láti pẹja tàbí láti gé igi níbẹ̀. Nítorí náà, ojú àti etí nìkan ni kí ẹ mú dání.

Ẹ kọ́kọ́ gbé ojú sókè. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni igi àràbà máa ń wọ́wé, tí ó sì ń tanná. Ní òru, àdán a wá mu omi dídùn inú òdòdó rẹ̀, a sì máa ru lẹ́búlẹ́bú òdòdó láti igi kan dé èkejì. Nígbà tí òjò bá fi dé, èso rẹ̀ ti là, òwú rẹ̀ sì ń fò kiri. Inú òwú yẹn ni irúgbìn wà. Ilẹ̀ tútù ni yóò bọ́ sí.

Bí ẹ̀ka bá mì, ẹ dúró: ọ̀bọ lè wà níbẹ̀. Ọ̀bọ a jẹ èso níhìn-ín, a sì yàgbẹ́ kóró rẹ̀ sí ọ̀hún. Ó ń gbin igi láìmú ọkọ́ lọ́wọ́.

Ẹ wá wo ilẹ̀. Ìgbín ti fi awọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí ẹnu ìkarahun rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí omi ara rẹ̀ má baà gbẹ. Òjò ni ó jí i, tí ó fi jáde láti jẹun àti láti yé ẹyin sínú ilẹ̀ tútù. Ikán oníyẹ̀ẹ́ pẹ̀lú a tú jáde. Bí wọ́n bá balẹ̀, wọn a gbọn ìyẹ́ dànù, takọtabo a sì wa ihò láti dá ilé tuntun sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wà nínú èyí fún wa ní igbó ilé. Ìgbín tí a he lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ lè má tíì yé ẹyin. Bí a bá kó àtàgbà àtọmọ rẹ̀ sápẹ̀rẹ̀, kí ni yóò jáde ní àmọ́dún? Ẹ he díẹ̀, ẹ fi èyí tí ó kéré sílẹ̀. Ẹ kú ìgbádùn òjò o.